Géèjì Epo Oyèlẹ́yẹ

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni Ládépò mẹkáníìkì wí nígbà tó so géèjì epo mọ́ ògbólógbòó ọ̀kadà Oyèlẹ́yẹ tán. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi igi wọn epo inú táǹkì wò, ká mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ."

"Ebi ń pa mí. Ó di ọjọ́ mìíràn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó Oyèlẹ́yẹ ń rọbí lábà. Oyèlẹ́yẹ gun ọ̀kadà lọ gbé agbẹ̀bí nílùú. Géèjì ní epo dé ìdajì, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, epo tán láàárín igbó, ọ̀kadà sì kú. Agbẹ̀bí sọ̀ kalẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn. Oyèlẹ́yẹ gbé àpò agbẹ̀bí tẹ̀ lé e.

Kí wọ́n tó dé ni wọ́n gbọ́ igbe ọmọ. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín: "Ọmọ yín ò lè dúró dè yín."