Ọ̀pá Ìbẹ́pẹ Inú Ògiri Ṣàngódèyí

"Ògiri létí." Ta ni kò mọ òwe yìí? Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì hu eyín mọ̀ ọ́n. Bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ àna rẹ̀ láìdáa, ọmọ náà gan-an ni yóò ṣẹ́jú sí i pé kó rọra. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ẹ mọ̀ pé ààbọ̀ òwe ni? Ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi etí sínú ògiri, àti ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀? Ẹ fìdí kalẹ̀. Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kò lè ju ẹ̀kún agbọ̀n kan lọ.

Ìlú Ìdí-Igbá ni ó ti ṣẹlẹ̀. Láyé ìgbà náà, ewúrẹ́ pọ̀ níbẹ̀ débi pé bí wọ́n bá jọ ké, oòrùn a dúró díẹ̀ kó tó máa lọ. Opó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ìyá Ràńtí. Ewúrẹ́ mọ́kànlá ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Kò ní oko, kò ní ìsọ̀ lọ́jà, kò ní ẹ̀gbọ́n tó lè ké sí. Ewúrẹ́ yìí náà ni oko, àwọn náà ni ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ kan, ó ṣẹ́gi dé, ó bá okùn mọ́kànlá nílẹ̀, kò bá ewúrẹ́ kankan.

Gbogbo ìlú fura sí Ṣàngódèyí. Apá ọkùnrin yìí ki bí ìdí ọ̀pẹ, ó sì máa ń fọ́nnu pé òun ti gbá ẹfọ̀n létí rí, tí ẹfọ̀n náà sì tọrọ àforíjì. Kò dáko, kò ṣọdẹ, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni ọ̀rá ń dán lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Ọba wá pe Ọ̀tún, baba arúgbó tó ń dájọ́ ìlú, ó sì pe Láṣebìkan, olórí àwọn akọ́dà tó ń ṣọ́ ìlú, tó sì ń mú arúfin wá sí ààfin.

Láṣebìkan ló dá ọgbọ́n náà. Ẹ mọ̀ pé inú ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ṣófo bí ikùn ọ̀lẹ ní ìgbà ìyàn. Ó ní bí òun bá fi ìda oyin lẹ mẹ́fà pọ̀, kí òun gbé e gba inú ògiri ẹ̀yìn ilé Ṣàngódèyí jáde sínú igbó ọ̀gẹ̀dẹ̀, kódà bí eèrà bá húkọ́ nínú yàrá, òun yóò gbọ́.

Ọ̀tún fa irùngbọ̀n rẹ̀. "Láṣebìkan, ilé onílé kì í ṣe ojú ọjà. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ nìkan la rán etí rẹ. Èyí tó bá jẹ mọ́ ewúrẹ́, Kábíyèsí àti èmi nìkan ni kí o sọ ọ́ fún. Èyí tí kò bá jẹ mọ́ ewúrẹ́, gbé e mì bí ẹní gbé àgbo kíkorò mì. Bí a bá ti ná ọjà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yọ ọ̀pá rẹ, kí o fi amọ̀ dí ihò."

"Baba, ṣé ẹnu mi ń jò ni?"

"Kò jò. Kò nílẹ̀kùn ni."

Láṣebìkan fi eyín kan irin, ó búra, ó ki ọ̀pá náà bọ inú ògiri lóru, ó sì lọ fara pamọ́ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, kò gbọ́ nǹkan kan ju ariwo iyán gígún lọ. Lọ́jọ́ kejì, híhanrun Ṣàngódèyí ló gba inú ọ̀pá wá, ó sì bó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta ni ó gbọ́ ohùn Ṣàngódèyí pẹ̀lú ti Ayọ̀ká, ìyàwó rẹ̀.

"Ayọ̀ká, jọ̀ọ́, ó tún ti dé."

"Ta ni?"

"Ọmọńlé yẹn. Ó ń wò mí."

"Kò wò ọ́. Eṣinṣin ló ń wò."

"Èmi ló ń wò. Dìde, bá mi lé e."

"Ẹsẹ̀ tí sòbìà ń jẹ yìí ni n óò fi dìde? Ìwọ tí o gbá ẹfọ̀n létí, gbá ọmọńlé náà létí."

"Ẹfọ̀n kì í rìn lórí àjà, Ayọ̀ká."

Láṣebìkan jẹ odidi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kí ẹ̀rín má baà bú jáde. Ó mọ̀ dájú pé ọmọńlé kì í ṣe ewúrẹ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ọ̀rọ̀ padà wá sókè. Ó tún gbé e mì. Nígbà tó fi máa dé ìsọ̀ ẹlẹ́mu nírọ̀lẹ́, ikùn rẹ̀ ti wú bí ìlù gángan tí òjò pa. Ó sọ ọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ìfófòó ẹmu tó rọlẹ̀, wọ́n ti ń fi rẹ́rìn-ín ní ìlú kẹta.

Lọ́jọ́ kẹrin, Ṣàngódèyí ń kọjá lọ́dọ̀ ẹlẹ́mu. Bàbá ẹlẹ́mu kí i tayọ̀tayọ̀: "Ẹkùn, o kú ìrìn. Ilé ńkọ́? Ọmọńlé ńkọ́?"

Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣàngódèyí kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró, ó ń ka àwọn tó mọ̀rọ̀ náà lórí ìka: òun, Ayọ̀ká, ọmọńlé. Ogún ọjọ́ rèé tí sòbìà kò jẹ́ kí Ayọ̀ká ré ẹnu ọ̀nà kọjá. Ọmọńlé kì í sì í mẹmu. Ó sáré relé, ó fọwọ́ tọ ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí ó fi rí ẹnu ọ̀pá ìbẹ́pẹ lẹ́yìn ìkòkò omi.

Kò yọ ọ́. Ó jókòó tì í, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbóhùn sókè. "Ayọ̀ká, ewúrẹ́ opó yẹn ti sú mi. Inú ahoro abà tó wà lẹ́bàá àràbà ni mo so wọ́n mọ́. Ọ̀la ni n óò kó wọn lọ."

Ni Láṣebìkan bá fò sókè nínú igbó. Ó kó akọ́dà mẹ́fà, wọ́n yí ahoro abà náà ká, ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn wọlé. Ewúrẹ́ kò sí níbẹ̀. Oyin ló wà níbẹ̀, èyí tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ayé baba-ńlá ọba, tí kò sì tíì gba àlejò rí. Oyin ta Láṣebìkan débi pé orí rẹ̀ kò gba ẹnubodè wọlé mọ́, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi gbé e kọjá. Bí wọ́n sì ti ń rọ́ sínú odò kí oyin lè fi wọ́n sílẹ̀, ìsàlẹ̀ odò náà ni Ṣàngódèyí ń da ewúrẹ́ mọ́kànlá gbà sódìkejì, ẹnikẹ́ni kò sì rí i.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ṣàngódèyí fúnra rẹ̀ ló wá sí ààfin, ó gbé ọ̀pá ìbẹ́pẹ lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, mo wá bi yín bí ọ̀rọ̀ èmi àti ìyàwó mi ṣe di ìpanu ẹlẹ́mu."

"Olè ni, Kábíyèsí," ni Láṣebìkan fi ètè tó tóbi bí bàtà dáhùn. "Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ pé ó kó ewúrẹ́."

Ọ̀tún bi í pé, "Níbo ló ní wọ́n wà?"

"Inú ahoro abà."

"Ṣé wọ́n wà níbẹ̀?"

Láṣebìkan fọwọ́ kan ojú rẹ̀. "Rárá, Baba."

"Ẹ̀rí rẹ ti bàjẹ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ tí o ti tú ọ̀rọ̀ ọmọńlé síta ni ó ti mọ̀ pé a ń gbọ́ òun. Ta ló lè ya òótọ́ kúrò lára ẹ̀tàn mọ́? N kò lè fi irú ẹ̀rí yìí de ẹnikẹ́ni."

Ìyá Ràńtí ti ń gbọ́ láti ẹ̀gbẹ́ òpó. Ó kúnlẹ̀, okùn mọ́kànlá náà sì wà lọ́rùn rẹ̀. "Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́. Ohun gbogbo tí mo ní ti lọ, n kò sì mọ òfin. Etí lẹ ní kí Láṣebìkan fi sínú ògiri. Ta ló ní kó fi ẹnu sí i?"

Ọ̀tún tẹrí ba fún un, ó ní, "Ìwọ lo dájọ́, ìyá. Ògiri létí, kò lẹ́nu."

Wọ́n kó ewúrẹ́ mẹ́sàn-án Láṣebìkan fún Ìyá Ràńtí. Láṣebìkan lọ tọrọ méjì lọ́wọ́ àna rẹ̀ kó lè pé mọ́kànlá. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ní kó fara ti ògiri ọjà fún ọjọ́ ọjà mẹ́ta, kó fi omi sẹ́nu, kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ àṣírí rẹ̀ wá sọ ọ́ níwájú rẹ̀. Bó bá tu omi, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, ó sì gbé àpótí ìjókòó dání. Ó ní ọjọ́ tí Láṣebìkan wá tọrọ ọmọ òun, àgbébọ̀ adìyẹ lé e sínú ìkòkò aró, aró náà kò sì tíì ṣí níbì kan lára rẹ̀ tí òun kò ní dárúkọ. Lẹ́yìn náà ó dárúkọ rẹ̀. Ọjọ́ ọjà mẹ́ta di mọ́kànlá.

Ṣàngódèyí lọ bá ewúrẹ́ tó jí lódìkejì odò, kò sì padà mọ́. Wọ́n ní ọmọńlé ibẹ̀ tó ọmọ ọ̀nì.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn èèyàn jẹ ìdí òwe náà mọ́ ẹnu, orí rẹ̀ nìkan ló kù. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ kí èèyàn rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní, "Ògiri létí." Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a fún láṣẹ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, ìbáà ṣe akọ́dà àtijọ́, ìbáà ṣe ọlọ́pàá òde òní tí ilé ẹjọ́ ní kó tẹ́tí sí tẹlifóònù ọ̀daràn, bá kọjá ohun tí a rán an, tó ń pín ìyókù kiri bí ẹ̀pà, ìgbà náà ni àwọn àgbà máa ń pe òwe náà tán: "Ògiri létí, kò lẹ́nu." Bí kò bá sì gbọ́, wọ́n á bu omi wá.