Kọ́bọ̀ Tí Ọmọ́yẹni Kò Rí Rí

Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé tí bàbá Ọmọ́yẹni, káfíńtà, ka ìṣirò kan náà sókè: "Kọ́bọ̀ márùndínlọ́gbọ̀n, ìdá mélòó náírà kan ni?"

"Ìdá márùndínlọ́gbọ̀n, sà."

Bàbá ju pẹ́ńsù tó há sí etí mọ́lẹ̀. "Olódo! Mo tún un sọ, olódo! Ọ̀la ni ìdánwò tí o máa fi wọ girama. Àbí o fẹ́ máa bá mi fá igi ni?"

Omijé bọ́ lójú ọmọ náà. Ìyá àgbà, tó ń ṣa ẹ̀wà nítòsí wọn, pòṣé. "Amúkùn-ún, ẹrù ẹ́ wọ́; ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ọmọ mi, kọ́bọ̀ mélòó ló ń jẹ́ náírà kan?"

"Mi ò mọ̀, mà. Mi ò rí kọ́bọ̀ rí."

Ìyá àgbà gbé agolo bọ́tìnnì rẹ̀ wá, ó ṣa owó onírin àtijọ́ mẹ́rin sórí ìwé. "Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kọ́bọ̀ márùndínlọ́gbọ̀n. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló di náírà kan."

Ọmọ́yẹni fi ìka fa ẹyọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìdá mẹ́rin ni!"

Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń wá pẹ́ńsù rẹ̀. "Kí ló dé tí o ò béèrè tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo la ẹnu, sà. 'Olódo' lẹ fi dí i."