Ìyá Ọkọ Tí Kò Gbé Fìlà Dání

Obìnrin kan wà láyé àtijọ́, ní abúlé kan láàrin àwọn ẹ̀yà Buyi, níbi tí òkè pọ̀ sí ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, ọkọ rẹ̀ sì ti kú. Ilé tí ọkọ náà fi sílẹ̀ fún un dà bíi gbogbo ilé abúlé wọn: òkúta ni ògiri rẹ̀, òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n tò bo òrùlé rẹ̀, òkúta náà ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé etí odò. Ilé náà lágbára, ó tutù, kì í jò. Ṣùgbọ́n ó dákẹ́ jù fún un.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ọmọ rẹ̀ ti gbéyàwó. Àṣà agbègbè wọn nígbà náà ni pé bí àsè ìgbéyàwó bá ti parí, ìyàwó yóò padà sílé ìyá rẹ̀. Yóò máa yọjú sílé ọkọ fún ọjọ́ mélòó kan nígbà tí wọ́n bá ń gbin ìrẹsì tàbí nígbà tí wọ́n bá ń kórè, yóò sì tún padà. Fìlà kan ló ń fòpin sí àlọ-àbọ̀ yìí. Èèpo ọparun ni egungun fìlà náà, aṣọ aláró ni wọ́n sì wé mọ́ ọn. Ìyá ọkọ àti àwọn obìnrin ilé rẹ̀ yóò yọ́ kẹ́lẹ́ lọ bá ìyàwó, wọn yóò dì í mú lójijì, wọn yóò tú irun orí rẹ̀, wọn yóò sì dé fìlà náà fún un. Bí fìlà bá ti wọ orí, ọ̀rọ̀ ti parí, ó ti di ará ilé ọkọ. Bí ó bá já mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn yóò padà sílé lọ dúró de ìgbà mìíràn.

Gbogbo ìyàwó tí wọ́n gbé lọ́dún kan náà pẹ̀lú ti obìnrin yìí ni wọ́n ti dé fìlà fún. Bí ó bá lọ fọ aṣọ lódò, yóò rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ìyàwó ọmọ wọn ń bá wọn ru agbọ̀n. Òun nìkan ló ń ru tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọn kì í bú u. Wọ́n kàn máa ń bi í pé, "Ìyàwó wa ńkọ́?" Ìbéèrè yẹn sì ń dùn ún ju èébú lọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tí apá rẹ̀ le tí ẹnu rẹ̀ sì mú, ló dá a lábàá. "Kí lo ń dúró dè? Ṣebí ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni. Jẹ́ ká lọ mú un."

Wọ́n lọ lẹ́yìn ìkórè. Wọ́n gbé fìlà dání, wọ́n gbé adìyẹ dání bí àṣà ṣe là á sílẹ̀. Ìyàwó wà nídìí òfì, ó ń hun aṣọ. Ajá ilé gbó. Ó gbójú sókè, ó rí wọn, ó dìde, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Àwọn àgbà obìnrin kò lè sáré bá a. Wọ́n gbé fìlà àti adìyẹ padà wálé, gbogbo abúlé sì rẹ́rìn-ín.

Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n gbọ́n sí i. Wọ́n sá pamọ́ sẹ́yìn ilé ẹlẹ́dẹ̀ títí ìyàwó fi jáde wá da oúnjẹ fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ìyá ọkọ di orí mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun. Ọmọ náà kò pariwo. Ó kàn ń sọ pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ná." Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ yí orí, ó já, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, inú ẹ̀gbọ́n ọkọ dùn. "Ó kù díẹ̀! Bí a bá tún ń lọ, èèyàn mẹ́fà la ó kó dání. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí yóò gbà."

Ìyá ọkọ kàn ń rìn lọ. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Irun ọmọ náà lọ́ mọ́ ìka rẹ̀, ó dúdú, ó gùn. Nígbà tí wọ́n dé odò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọ̀ ọ́ dànù, omi gbé e lọ. Síbẹ̀, títí ó fi délé, ara ìka rẹ̀ kò gbàgbé. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń wù ú láti ní ọmọbìnrin tí yóò máa bá a jókòó. Ó wá rí i pé òun ti sọ ara òun di ẹni tí ọmọ náà ń sá fún.

Àsìkò gbígbin ìrẹsì dé. Ìyàwó kò yọjú. Obìnrin náà àti ọmọ rẹ̀ ló gbin àkùrọ̀ wọn tán. Lọ́jọ́ ọjà, ó gbọ́ lẹ́nu ará abúlé ìyàwó pé àkùrọ̀ ilé ìyàwó ṣì wà láìgbìn, bẹ́ẹ̀ ni omi ti ń lọ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ sórí òkè, ó wọ bàtà. Ọmọ rẹ̀ bi í pé, "Ìyá, ibo lẹ ń lọ?"

"Ilé àwọn àna rẹ."

"Ṣé kí n lọ pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi?"

"Rárá."

"Fìlà ńkọ́?"

"Ó wà lókè àjà. Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Nígbà tó dé àkùrọ̀, ìyàwó rí i lókèèrè. Ó ju ìdì ìrẹsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wọ inú igbó ọparun lọ. Obìnrin náà kò pè é, kò sì tẹ̀ lé e. Ìyá ìyàwó wà létí àkùrọ̀, ó jókòó lórí òkúta, ó ń di ọmọ ìrẹsì ní ìdì ìdì. Obìnrin náà kí i. Ìyá ìyàwó kò wo ojú rẹ̀, etí ló yí sí i.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, ìyá ọkọ ọmọ yín."

Ọwọ́ ìyá ìyàwó dúró. "Ẹ tún ti dé?"

"Mo dé. N kò mú nǹkan kan dání. Ìrẹsì ni mo bá yín wá gbìn."

Ìgbà náà ló tó rí ojú ìyá ìyàwó. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ìka ló fi ń mọ èyí tó gùn àti èyí tó kúrú nínú ọmọ ìrẹsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni obìnrin náà ti wọ ilé wọn. Orí ìyàwó nìkan ló rí.

Ó ká aṣọ sókè, ó wọ inú omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn. Ó gbin ọ̀wọ́ kan, ó gbin ìkejì. Ẹ̀yìn ń dùn ún, kò nà án. Nígbà tó ń gbin ìkẹrin, ó gbọ́ ẹsẹ̀ nínú omi. Ìyàwó ti padà wá. Ibi tó jìnnà jù lọ nínú àkùrọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ó ń wò ó láti abẹ́ àkẹtẹ̀. Wọ́n ń gbìn bọ̀ wá bá ara wọn, títí tó fi ku bí ìwọ̀n apá méjì láàrin wọn.

Ìyá ọkọ ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tí o ò sọ fún wa?"

"Ẹ ò bi mí, ìyá. Ọwọ́ lẹ mú wá, ẹ ò mú ẹnu wá. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

"Òótọ́ ni. Sọ ọ́ báyìí. Mò ń gbọ́."

Ọmọ náà sọ ọ́. Kì í ṣe ọkọ rẹ̀ ló ń sá fún. Ojú ìyá rẹ̀ ti lọ, bàbá rẹ̀ kò lágbára mọ́, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kò tíì gbéyàwó. Òun nìkan ló ń hunṣọ nílé náà, òun ló ń fi ìda oyin ya àwòrán sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró. Oṣù kẹjọ ni àbúrò rẹ̀ yóò gbéyàwó, wọ́n sì ti ṣe àdéhùn pé ìyàwó rẹ̀ kò ní padà sílé ìyá tirẹ̀. Bí òun bá kúrò kí ìyẹn tó dé, ta ni yóò máa se oúnjẹ fún àwọn òbí òun?

Ìyá ọkọ rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ohun tó dì ọ́ mú kò ju èyí lọ? Èmi tí mo ti ń rò ó sí ìkórìíra!"

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Wọ́n gbin àkùrọ̀ náà tán. Nígbà tí ọdún oṣù kẹfà dé, ó se ìrẹsì aláwọ̀ márùn-ún tí wọ́n máa ń fi ewé pa láró fún ọdún náà, ó gbé e wá fún wọn, òun àti ìyá ìyàwó sì jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan. Wọ́n fẹnu kò pé bí ìyàwó bá dé ilé ọkọ, ọjọ́ márùn-ún nínú oṣù kọ̀ọ̀kan ni yóò máa lò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn tí àbúrò ìyàwó ti gbéyàwó, obìnrin náà ń fẹ́ èèpo ìrẹsì tuntun dànù lójúde nígbà tó rí àwọn èèyàn méjì lọ́nà òkúta. Ìyàwó ló ń fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ bọ̀. Ìyàwó wọlé, ó jókòó sórí àpótí, ó tú irun rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì tẹrí ba.

"Ìyá, ẹ gbé fìlà náà wá."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ti sáré dé. Ó ní, "Wọn kì í dé e báyìí! Wọ́n máa ń mú ìyàwó ni. A ò rí irú èyí rí."

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," ni ìyá ọkọ wí, "kí ẹ lè rí i dáadáa." Ó sì rọra dé e fún ọmọ náà.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí mò ń sọ èyí fún, bóyá ẹnì kan wà tí ìwọ náà ń fà, tó ń fà sẹ́yìn. Ó lè jẹ́ ọmọ rẹ, ó lè jẹ́ aya rẹ, ó lè jẹ́ ẹni tó ń bá ọ ṣiṣẹ́. O ti sọ pé olóríkunkun ni. O ti ń wá èèyàn mẹ́fà tí yóò bá ọ dì í mú. Ṣé o ti bi í léèrè ohun tó so ó mọ́bẹ̀? Dìde, lọ bá a níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kí o sì bá a ṣe díẹ̀ níbẹ̀ kí o tó lanu. Ẹrù tó dá a dúró lè jẹ́ èyí tí ẹ̀yin méjèèjì lè jọ gbé.