Bàbá Tó Sọ Ara Rẹ̀ Di Agbẹnusọ Ọmọ ní Yunifásítì

Jókòó ná, má tíì dìde. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn òbí, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí o ti wá, màá tún un sọ.

Bàbá kan wà, wolé-wolé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Morádékẹ́ lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ yìí wọ yunifásítì ìjọba láti kọ́ nípa oògùn pípò, inú bàbá dùn, ẹ̀rù sì bà á. O mọ bí irú ibẹ̀ ṣe ń rí. Ọ̀kẹ́ méjì akẹ́kọ̀ọ́ ló wà nínú ọgbà kan ṣoṣo. Gbọ̀ngàn kan wà tó ń gba ẹgbẹ̀rin ènìyàn, ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn á kàn máa wo olùkọ́ bí ẹni ń wo ará òdìkejì odò. Olùkọ́ kan ni wọ́n fi ṣe alábòójútó fún igba akẹ́kọ̀ọ́. Òun ló ń buwọ́ lu fọ́ọ̀mù wọn, òun náà ló ń jẹ́rìí wọn bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò.

Bàbá wò ó, ó ní, “Háà! Ọmọ mi á sọnù sáàárín èrò yìí o. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n.”

Bó ṣe di pé sáà ẹ̀kọ́ kan ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó má wọ mọ́tò lọ nìyẹn. Ó mọ orúkọ àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Ó mọ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ń jókòó. Wolé-wolé kì í kúkú fẹ̀yìn tì, ó mọ ilé ìgbẹ́ tó mọ́ àti èyí tí kò mọ́ ní gbogbo ẹ̀ka ibẹ̀. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà alábòójútó, á sọ fún ọmọ pé, “Dúró síta, jẹ́ kí àwa àgbà sọ̀rọ̀.” Morádékẹ́ á dúró. Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé ni.

Bàbá á wọlé, á kí alábòójútó kú iṣẹ́, á kí i kú àfaradà ọmọ ọlọ́mọ, á ròyìn ọmọ rẹ̀ títí. Alábòójútó á rẹ́rìn-ín, á buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Bàbá á jáde, á ní, “Mo ti bá ẹ sọ gbogbo ẹ̀.”

Ní ọdún kẹta, ọ̀rọ̀ yíwọ́. Máàkì ọmọ ti ń lọ sílẹ̀ láti ọdún kìíní, ó wá burú débi pé ó dé iwájú ìgbìmọ̀: ṣé kí wọ́n fún un láǹfààní ọdún kan sí i, àbí kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò? Bàbá gbọ́. Ó sáré lọ bá alábòójútó, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn.

Ojú ti alábòójútó. Ó gbé e dìde. “Bàbá, wọ́n ti jókòó lánàá. Wọ́n bi mí pé irú ọmọ wo ni, àti pé kí ló ń dà á láàmú. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ẹ̀yin ni mo mọ̀, sà. Tí ọmọ yín bá kọjá níwájú mi báyìí, mi ò lè dá a mọ̀. Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀. Ẹ ní kó wá buwọ́ lu lẹ́tà, òun nìkan sì ni kó wọlé.”

Ọmọ wọlé, bàbá dúró síta. Fèrèsé ò tì dáadáa, ó ń rí wọn, ó sì ń gbọ́ wọn. Alábòójútó na lẹ́tà sí Morádékẹ́ pé kó kà á. Ọmọ gbé ìwé náà sókè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀.

“Kí ló ṣe ojú rẹ?”

“Kì í rí ọ̀ọ́kán, sà. Mi ò rí ohun tí wọ́n ń kọ sójú pátákó láti ọdún kìíní. Ìwé àwọn ọ̀rẹ́ mi ni mo máa ń dà kọ.”

“Láti ọdún kìíní! Àwọn dókítà ojú wà nínú ọgbà níbí! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Dádì mi ló máa ń wọlé, sà.”

Bàbá rántí pé ọmọ ti sọ ọ́ nílé rí, lẹ́ẹ̀kan, òun sì ní kó dín fóònù wíwò kù. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ní, “Mo gbé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.” Ọwọ́ alábòójútó náà ò mọ́ níbẹ̀, kí n má purọ́, ó yẹ kó ti béèrè ọmọ náà tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fà á padà. Ọdún mẹ́ta lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ra awò ojú fún Morádékẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì lọ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní nílé-ìwé mìíràn, láàárín àwọn ọmọ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí.

Ìwọ náà wá bẹ̀ mí pé kí n bá ọ dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ ọmọ rẹ lọ́jọ́ Ajé, torí o gbọ́ pé mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́, mi ò sì ní lọ. Mi ò sọ pé o ò nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ. Bàbá yẹn náà nífẹ̀ẹ́ tiẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí o ti jókòó síbí lo ti ń to ìṣòro ọmọ náà sílẹ̀ fún mi, mo bi ọ́ pé kí lòun fúnra rẹ̀ sọ, o tún ń sọ tìrẹ lọ. Òun kọ́ ló wà nínú mọ́tò rẹ níta yẹn láti àárọ̀? Lọ pè é wọlé fún mi, kí o sì fún èmi àti òun láyè.