Bí Ìjàpá Ṣe Gba Òkúta Lọ́wọ́ Bíńtín

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò títí, ó kọjá òkun, ó balẹ̀ sí ilẹ̀ òtútù, níbi tí omi ti ń dì bí òkúta. Ó bá Ìjàpá níbẹ̀, ó sì bá Bíńtín. Ẹni tó bá ti ṣí òkúta lóko rí, tó sì rí ohun tó ń rìn lábẹ́ rẹ̀, ti mọ díẹ̀ nínú ìtàn yìí.

Kòkòrò inú ilẹ̀ ni Bíńtín. Ìbátan eégbọn ni, ṣùgbọ́n kì í mu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, kò sì tó orí abẹ́rẹ́. Abẹ́ òkúta pẹlẹbẹ kan ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ewédò, ewéko kúkurú tó máa ń bo òkúta, tó sì ní ọ̀rinrin, yí i ká, ó rọ̀ bí òwú. Bí oòrùn bá ràn, abẹ́ òkúta a lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Lọ́dún kan, ìyàn mú nílé Ìjàpá. Ó bẹ ẹyẹ òkun kan pé kó gbé òun lọ sí ilẹ̀ mìíràn, ẹyẹ sì gbé e dé ilẹ̀ òtútù náà. Bó ti balẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó fọwọ́ kan òkúta Bíńtín. Ó móoru! Ìjàpá mi orí.

"Ẹ kúulé o, ìyá," ó wí. "Ojú ń tì mí fún yín. Ẹni iyì bíi tiyín, abẹ́ òkúta lẹ ń sùn bí olè?"

"Àlejò wa, ibí ni àwọn ìyá wa fi sílẹ̀ fún wa."

"Ẹ wo orí òkè lọ́hùn-ún! Ó mọ́ tónítóní. Ibi gíga ni ibùjókòó ọlọ́lá."

Bíńtín wo òkè náà. Ó mọ̀ pé atẹ́gùn kì í sinmi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń pe ara wọn ní ọlọ́lá, kò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé ẹ̀rù ló ń ba òun. Ó dìde. Ohun tó dùn ún jù lẹ́yìn náà nìyẹn: ó mọ̀, ó sì lọ.

Ilẹ̀ orí òkè gbẹ bí egungun. Kò sí ewédò, kò sí ibi ìsápamọ́sí. Atẹ́gùn fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé àbíkẹ́yìn Bíńtín lọ. Ó wá a títí oòrùn fi yí. Inú pàlàpálá òkúta kan ló ti rí i, ara rẹ̀ ti ń le. Ó gbé e pọ̀n.

"Ẹ jẹ́ ká relé," ó wí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọlá mọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, gbogbo òkúta tó wà níbẹ̀ ni Ìjàpá ti dorí wọn kodò. Ìjàpá dùbúlẹ̀ láàárín wọn, yìnyín ti lẹ àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń họ ilẹ̀ lásán. Orin ló ń kọ:

Òkúta mi tutù o,
Yìnyín dé!
Àyà mi lẹ̀ mọ́lẹ̀ o,
Yìnyín dé!
Bíńtín, wá gbà mí o,
Yìnyín dé!

"Kí lẹ ń wá lábẹ́ òkúta?" Bíńtín béèrè.

"Iná tí ẹ fi pamọ́ ni."

"Kò síná kankan. Oòrùn ló ń mú ẹ̀yìn òkúta gbóná, òkúta ló ń dí atẹ́gùn. Bí ẹ bá ti dorí rẹ̀ kodò, ilé tú nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sábẹ́ ọ̀kan."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. "Ìrù rẹ̀ nìkan ni yóò wọ abẹ́ rẹ̀!"

Bíńtín kò rẹ́rìn-ín. Inú ń bí i. Ó lè kọjá lọ. Ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó rí i tó ń mira. Ó mí kanlẹ̀.

"Àlejò, òkúta wà lẹ́yìn yín láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín. Ẹ wọnú rẹ̀."

Ìjàpá fa orí wọlé. Ó fa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé. Oòrùn ràn sí i lẹ́yìn, yìnyín yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹyẹ òkun padà wá mú un, Bíńtín kò jẹ́ kó gbé e lọ títí Ìjàpá fi dá òkúta kọ̀ọ̀kan padà sáyè rẹ̀. Ó ń kùn, ó ń ṣe é.

Ìdí nìyí tí irú Bíńtín fi ń gbé abẹ́ òkúta àti inú ewédò, tí wọn kì í gbé orí òkè gbalasa. Ìdí nìyí tí Ìjàpá fi ń fa orí wọlé bí nǹkan bá dé bá a.

Ibi tí àlọ́ mi balẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá parọ́, kí ẹnu mi dì bí omi ilẹ̀ òtútù. Bí n kò bá parọ́, kí ó ró lẹ́ẹ̀mẹta: pó, pó, pó!