Tíṣà Tí Ó Gé Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Kúrò

Ọkùnrin kan wà ní Ìlaró tí ó gbọ́ èdè méjì. Ó gbọ́ Yorùbá tí wọ́n fi tọ́ ọ, ó sì gbọ́ Faransé tí ó kọ́ ní Kútọnu nígbà èwe rẹ̀, èyí tí ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Kì í pẹ́ dé ìsìn, a kò sì gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ìjọ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ eléré kan tí ó máa ń ṣe fíìmù sórí sídì, kí àwọn ènìyàn lè máa wò ó nílé. Ní ọdún kan, wọ́n ṣe ọ̀kan nípa bí ìyá ṣe lè tọ́jú ọmọ tí gìrì bá mú. Wọ́n fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gbé lódìkejì ẹnubodè, tí wọn kò gbọ́ Yorùbá. Olórí ẹgbẹ́ eléré wá bẹ Tíṣà pé kí ó bá wọn fi Faransé kọ ohun tí àwọn òṣèré ń sọ sí ìsàlẹ̀ fíìmù náà, kí ẹni tí kò gbọ́ lè máa kà á.

Tíṣà gbà. Ó gbàdúrà kí ó tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Ìlà méjì péré ni ojú fíìmù gbà lẹ́ẹ̀kan, wọn kò sì gbọdọ̀ pẹ́ ju ẹnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ń rọra sọ̀rọ̀, tirẹ̀ rọrùn láti kọ. Ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ wàrà-wàrà, àfi kí a gé e.

Ibì kan wà nínú fíìmù náà tí gìrì gbé ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ, ẹni tí wọ́n fi ṣe aṣinilọ́nà nínú eré náà, rọra sọ pé: "Ẹ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Yóò jí." Ìlà méjì gbà á rẹ́gí. Wọ́n gbé ọmọ lọ sídìí ààrò. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì já wọlé, ó gba ọmọ mọ́ra, ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: pé iná kì í wo gìrì, pé ẹsẹ̀ ọmọ ni yóò jó tí yóò sì sọ ọ́ di arọ, pé kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n sì máa gbé e bọ̀ nílé ìwòsàn kíákíá. Ó ń sọ ọ́ bí òjò. Ìyá ọmọ ń sunkún lé e lórí, ẹ̀gbọ́n náà ń bá a jiyàn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tíṣà gbìyànjú ibẹ̀, ìlà méjì kò gbà á. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni wọn yóò tẹ sídì, ọjọ́ kẹta ni àwọn ajíhìnrere yóò gbé e kọjá ẹnubodè. Ojú ń ro ó. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, ta ni kò ní rí i lójú nọ́ọ̀sì pé inú ń bí i? Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófo, ó kọjá sí ibi tí ọmọ ti lajú, tí ìyá rẹ̀ sì ní, "A dúpẹ́ o."

Olórí ẹgbẹ́ wá wò ó. Kò ka Faransé rí láyé rẹ̀. Ó wo àwọn lẹ́tà aláwọ̀ yẹ́lò náà bí wọ́n ṣe ń yọ tí wọ́n sì ń pòórá, ó mi orí.

"Tíṣà, yẹ́lò yìí yẹ ẹ́ o. Ìwọ fúnra rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òyìnbó."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Kò sọ fún un pé òun fo ibì kan.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Tíṣà bí, Mopélọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Ilé ọkọ rẹ̀ wà ní Bohikọ́n lódìkejì ẹnubodè, ọ̀nà jíjìn réré sí Kútọnu. Ó ti bí ọmọbìnrin kan tí ń kọ́ ìrìn lọ́wọ́. Bí Mopélọ́lá bá lọ ra ọjà, ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó máa ń tọ́jú ọmọ. Màmá náà ti fìgbà kan kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé, ó mọ Faransé kà dáadáa, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Tíṣà fi sídì kan rán àwọn ajíhìnrere sí i, kí àna òun lè rí iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Oṣù kan kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Mopélọ́lá pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá mi, Màmá ní kí n kí yín. Wọ́n ní olùkọ́ àwọn olùkọ́ ni yín."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Mopélọ́lá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, pé ara ọmọ òun ń gbóná láti àná, òun ò tilẹ̀ fẹ́ kúrò nílé, ṣùgbọ́n Màmá ní kí òun máa lọ.

"Wọ́n ní bí gìrì dé pàápàá, ẹ̀rù ò ba àwọn mọ́. Wọ́n ní sídì yín ti kọ́ àwọn ní ohun tí àwọn máa ṣe. Mo ti wà nínú ọkọ̀ Parakú báyìí. Ọ̀tunla ni n ó padà."

Fóònù já.

Nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà kọ Tíṣà lóminú, kò sì tíì mọ ohun tí ó jẹ́. Ó ki sídì náà sínú ẹ̀rọ, ó sì pa ohùn rẹ̀, kí ó lè wò ó bí àna rẹ̀ ṣe ń wò ó.

Ó ka ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, pé kí wọ́n ti ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná. Ó rí wọn tí wọ́n gbé e lọ sídìí ààrò. Ó rí nọ́ọ̀sì tí ó wọlé, tí ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí ń yin Olúwa. Ó rí ọmọ tí ó lajú. Ó ka ọ̀rọ̀ yẹ́lò tí ó yọ nísàlẹ̀: A dúpẹ́ o.

Kò parọ́ kankan. Gbogbo ohun tí ó kọ ni wọ́n sọ. Èyí tí kò kọ ni ó sọ ìyókù di apànìyàn.

Ó pe Mopélọ́lá, kò wọlé. Ó pe ọkọ rẹ̀, awakọ̀ àjàgbé tí ó wà lójú ọ̀nà Nìjẹ́, kò wọlé. Màmá kò ní fóònù. Tíṣà wọ sálúbàtà rẹ̀, ó sì jáde.

Ní Ìdírókò, aṣọ́bodè bi í pé, "Bàbá, kí lẹ gbé?" Ó ní òun kò gbé nǹkan kan. Bí ó ti sọ ọ́ tán ni ó ṣe é bíi pé irọ́ àkọ́kọ́ tí òun pa nìyẹn. Nínú ọkọ̀, ìyá kan gbé ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Tíṣà kò sì lè gbé ojú kúrò lára ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó fẹ́ gbàdúrà gígùn, kò rí ọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó ń tún sọ láti Àjàṣẹ́ títí dé Bohikọ́n: Olúwa, pa iná náà.

Oòrùn ń rọlẹ̀ nígbà tí ó débẹ̀. Èéfín ń rú lágbàlá. Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Tíṣà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbá ọmọ mú, ó yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ọ̀kan, èkejì. Eruku nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ méjèèjì mú, kò lè fi í sílẹ̀.

Ẹnu ya Màmá. Ó fi Faransé sọ pé, "Àna mi, kí ló dé? Ara rẹ̀ ti tutù láti àárọ̀. Ẹ wò ó, mo ti dáná de gìrì, kò wá."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eruku, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Màmá bu omi, ó dà á sínú iná. Nígbà tí èéfín lọ, ó ní, "Mo ti fi kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ nínú ìjọ wa. Méje ni wọ́n."

Àwọn méjèèjì gbéra. Wọ́n ń ti ilé dé ilé. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ ọmọ ni Tíṣà kọ́kọ́ ń wò kí ó tó lè la ẹnu. Wọ́n bá ẹni mẹ́fà. Ní ilé keje, àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwọn aládùúgbò ní ìyá náà ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ bá bàbá ọmọ lóko, ní ìhà àríwá, ó di ọjọ́ mẹ́ta. Abúlé wo? Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ìyá náà mú sídì náà dání. Màmá ni ó yá a.

Tíṣà padà sí Ìlaró. Ó dá àwòrán dúró níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń sọ̀rọ̀, ó jẹ́ kí ó dúró pẹ́, títí gbogbo ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì fi wọlé tán, kí àwọn ajíhìnrere lè fi pààrọ̀ èyí tí wọ́n ti pín. Olórí ẹgbẹ́ ní ibẹ̀ ti fà jù báyìí. Tíṣà ní kí ó fà. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ọmọ bá ké lójú pópó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Tíṣà máa ń wò.

Ìwọ tí o jókòó níwájú mi yìí, wọ́n ti fi ọ́ ṣe olùkọ́. Àwọn kan wà tí ẹnu rẹ nìkan ni wọ́n fi ń gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ń wí. Ìwọ kì í purọ́, mo mọ̀. O sọ fún wọn pé aláàánú ni Ọlọ́run, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí o dé ibi tí ó ti ní kí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, o ní ibẹ̀ gùn, o ní wọn yóò rí i lójú rẹ, o sì kọjá sí "A dúpẹ́ o." Ẹni tí kò gbọ́ èdè náà kò lè mọ̀ pé o gé e. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ, kì í ka ìsàlẹ̀. Ọlọ́run ń gbọ́ méjèèjì.

Padà lọ síbi tí o fò. Lọ lónìí, nígbà tí ilé mẹ́fà ṣì ṣí sílẹ̀. Ọlọ́run nìkan ni ó mọ abúlé ẹni keje, òun ni yóò sì bi ọ́ léèrè rẹ̀.