Ọrọ́ tí Oyèkúnlé Fi Sílẹ̀

Ohun ẹlẹ́mìí kan ṣoṣo tí Oyèkúnlé fi sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nígbà tó kú ni ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún inú ìkòkò kan. Nígbà tí àbàwọ́n funfun yọ lára ọrọ́ náà, ìyá ń bomi rin ín, ó sì ń fi àkísà ọlọ́ṣẹ nù ún láràárọ̀. Síbẹ̀, ńṣe ni ọrọ́ ń rọ.

Wúràọlá, ẹ̀gbọ́n ìyá náà, ló wá fà á tu. Ìkòkò ò nihò nísàlẹ̀. Omi ti mú gbòǹgbò jẹrà.

“Àbúrò mi, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.”

Wọ́n gé e dé orí, bóyá wọ́n á ríbi tútù tún gbìn. Dúdú ni gbogbo inú rẹ̀.

“Ojoojúmọ́ ni mò ń nù ún, ẹ̀gbọ́n mi.”

Wúràọlá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó jókòó tì í.